Ojú Tí Wọ́n Ní Mo Fi Ń Mọ́ Àgbà Lójú

Òórùn àkàrà gbígbóná àti ti iyẹ̀pẹ̀ tí òjò rin ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí ní oníranù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ó ku ọdún mélòó kan kí Nàìjíríà gba òmìnira. Òjò ti rọ̀ mọ́jú ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àgbàrá ṣì ń ṣàn gba inú gọ́tà lọ sí ọ̀sà, ìyá mi sì ní kí n lọ ra ẹ̀kọ wá ní ìkóríta. Bí mo ṣe jáde lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa, oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kọ mànà lórí omi tó dúró sójú títì, ó sì ta sí mi lójú. Mo di ojú ọ̀tún. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí oòrùn bá mú, torí tí mi ò bá dì í, gbogbo ohun tó wà níwájú mi á pín sí méjì. Ojú kan ṣoṣo ni mo fi rìn kọjá níwájú Bàbá Télọ̀, aránṣọ tó máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo bá tèmi lọ.

Kí n tó ra ẹ̀kọ dé, Bàbá Télọ̀ ti wọ agboolé wa. Ó ti sọ fún Ìyá Làmídì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, pé mo ṣẹ́jú sí òun. "Ọmọ kékeré yìí! Ó ń fi ojú pe ọkùnrin!" Àgbàlagbà tó ní ọmọ-ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ yìí o. Títí di òní, tí mo bá rántí rẹ̀, ara mi máa ń gbóná. Kí ló lè mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rò pé ọmọ tó gbé abọ́ ẹ̀kọ lọ́wọ́ ń wá òun? Inú ta ni èrò yẹn ti jáde, tèmi tàbí tirẹ̀? Kò sí ẹni tó bi í. Èmi ni wọ́n bi, kí n sì tó la ẹnu, Ìyá Làmídì ti fi ìgbájú dá ara rẹ̀ lóhùn.

Agboolé wa kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, àgbàlá wà láàárín, kànga wà nínú àgbàlá, àwọn yàrá sì yí i ká. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù lọ sí Pọ́tá àti Kàlàbá, a lè máà rí i fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá sí nílé, Ìyá Làmídì ni bàbá. Tó bá wà nílé pàápàá, Ìyá Làmídì ni. Obìnrin náà ga, ohùn rẹ̀ sì ga jù ú lọ.

Ìyàwó ilé ni ìyá mi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Gbogbo ẹni tó bá nínú ilé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún un, ìbáà ṣe obìnrin, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tó ń fà nílẹ̀. Ìyá Làmídì wá jẹ́ olórí ọkọ. Tó bá ń bá ìyá mi wí, orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá mi máa wà títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán, kò sì gbọ́dọ̀ sọ ju "Ẹ má bínú, ọkọ mi" lọ. Mo ti rí i tí ó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lórí iyọ̀ tí kì í ṣe òun ló bù ú sọ́bẹ̀.

Ohun tó ń ṣe mí rèé. Ojú ọ̀tún mi kì í dúró ti èkejì. Tó bá ti rẹ̀ mí, tàbí tí ọkàn mi bá lọ síbòmíràn, á rọra sá lọ sí apá etí, láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́, láìjẹ́ pé mo mọ̀. Lójú ẹni tó bá dúró níwájú mi, ó dà bí ẹni pé mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, bí ẹni tó ń kẹ́gàn rẹ̀. Kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ lè ṣẹ̀ nílé Yorùbá tó burú tó kó mọ́ àgbà lójú. Ọmọ tó jalè, wọ́n lè bẹ̀bẹ̀ fún un. Ọmọ tó mọ́ àgbà lójú, ta ló máa yọjú sí ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Ìyá Làmídì á pè mí, á ní kí n kúnlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí. Ẹ̀rù á bà mí, ẹkún á dé, ó á rẹ̀ mí, ojú ọ̀tún á sì kó ẹrù rẹ̀, ó di ẹ̀gbẹ́. "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó bó ṣe ń mọ́ mi lójú! Lójú èmi tí wọ́n bí ṣáájú bàbá rẹ̀!" Ìbáwí á di nínà. Bí nínà ṣe ń pọ̀ ni ẹkún ń pọ̀, bí ẹkún ṣe ń pọ̀ ni ojú ń sá lọ. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni Ìyá Làmídì máa ń wí, á sì fi ìka gún mi níwájú orí. Òun tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò fìgbà kan yẹ ojú yẹn wò kó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbọ́ òwe yẹn tó bẹ́ẹ̀ tó fi sú mi. Èmi, orí mi wọ́ lóòótọ́, torí mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí n lè ríran dáadáa. Àgbà kún agboolé wa bámúbámú. Ohun tí wọ́n rí ni ọmọ onígbéraga.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí a ń retí pé kí ààwẹ̀ ọdún yẹn parí, gbogbo ọmọ àdúgbò kó lọ sí etí ọ̀sà láti wá oṣù. Ẹ rántí bí inú wa ṣe máa ń dùn tó: òórùn ẹja yíyan láti inú ọkọ̀, ìkùukùu tó pọ́n lókè, gbogbo wa na ọrùn. Mo rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo kígbe, mo na ọwọ́ sókè. "Mo rí i! Méjì ni! Méjì ló yọ!" Ẹ̀rín bú. Arákùnrin kan tó ti dàgbà gbá mi létí pé mo ń fi ẹ̀sìn ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ti ń pè mí ní Sàfú Olóṣù Méjì.

Méjì ni mo sì rí. Mi ò purọ́. Ohun tó jọ mí lójú jù nígbà tí mo dàgbà ni pé mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń ríran. Mo rò pé oṣù máa ń di méjì lójú gbogbo ayé, pé wọ́n kàn ti kọ́ wọn nílé pé ọ̀kan ni kí wọ́n máa sọ, èmi ni mi ò gbọ́ ẹ̀kọ́. Mo bá pinnu pé ohunkóhun tí mo bá rí ní méjì, ọ̀kan ni màá máa pè é. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló jókòó kọ́ ara rẹ̀ ní irọ́ kí wọ́n má bàa nà án mọ́.

Ní ilé kéwú, ọ̀rọ̀ mi sàn díẹ̀, torí wàláà kò jìnnà sí imú, mo lè fà á mọ́ra bí mo ṣe fẹ́. Síkúùlù ni ìyọnu wà. Tíṣà á kọ ìṣirò sójú pátákó, ìlà méjì á gun ara wọn, méje á di ohun tí mi ò lè pè. Mo máa ń wo ìwé ọmọ tó jókòó tì mí, Tíṣà á sì nà mí pé mo ń jíwèé wò. Tí mi ò bá wò ó, á nà mí pé olódo ni mí. Ó fi mí jókòó sẹ́yìn pátápátá, níbi tí àwọn olódo máa ń jókòó, níbi tó jìnnà sí pátákó jù. Ẹ dákun, ọgbọ́n wo nìyẹn? Ọmọ tí kò rí pátákó, ẹ tún gbé e jìnnà sí i! Gbogbo wa ń pe àwọn tíṣà ìgbà yẹn ní ẹni iyì, mo sì gbà pé wọ́n ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹgba wọn yá ju ojú wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Télọ̀ ló wá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo lọ ra ẹ̀kọ yẹn, Ìyá Làmídì jókòó sórí àpótí lẹ́bàá kànga, ó pe ìyá mi, ó ní òun ti pinnu. "Tí a bá ti ṣe Iléyá tán, Sàfú ò lọ síkúùlù mọ́. Ẹ̀pẹ́ ló ń lọ, lọ́dọ̀ ìbátan ọkọ mi. Á máa bá a kiri ọjà. Ẹni yẹn á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbójú sílẹ̀. Olódo ni ní síkúùlù, oníranù ni nígboro. Ṣé kó gbé oyún wálé lẹ fẹ́?" Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ ọ̀nà tí oyún ń gbà dénú ènìyàn. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, ọkọ mi." Mo kórìíra rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo fẹ́ràn síkúùlù, kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń nà mí tó, mo fẹ́ràn òórùn ìwé tuntun, mo fẹ́ràn kí n máa ka ìtàn tí mo bá fa ìwé náà súnmọ́ ojú. Ẹ̀pẹ́ lójú mi nígbà yẹn dà bí òkè òkun. Ọmọ tí wọ́n bá mú lọ síbẹ̀ láti máa kiri ọjà, kì í padà wá sí kíláàsì.

Ọjà Sandgrouse ni ìyá mi ti ń ta ẹja gbígbẹ. Ẹni tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Màmá Tòkunbọ̀, obìnrin Ìjẹ̀bú, onígbàgbọ́, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sí ìsọ̀ wọn, mo ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, mo tẹ orí, mo di ojú kan. Màmá Tòkunbọ̀ wò mí títí. Ó wá ní, "Ìyá Sàfú, bí Tòkunbọ̀ mi ṣe máa ń ṣe rèé kó tó gba gíláàsì. Ọmọ yìí ò ríran dáadáa. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní ọsibítù, jàre." Ìyá mi wo ilẹ̀. Ó ní òun ò lè gbé ọmọ jáde nílé kí òun má gba àṣẹ. Màmá Tòkunbọ̀ pòṣé. "Àṣẹ ta ni? Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i ni?"

Ẹni tí kò gbé agboolé lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìyá mi ṣe, mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Kò sọ fún Ìyá Làmídì pé ojú ń dùn mí. Kò sọ pé wọ́n ṣì mí dá lẹ́jọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó dára. Àwọn kan lọ́jà ń sọ pé bóyá ojú ọmọ yìí ló ń dà á láàmú. Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà kí òun fúnra rẹ̀ sọ pé ojú ò ṣe nǹkan kan, pé ìwà ni. Tí bàbá rẹ̀ bá ti ojú omi dé, kò sí ẹni tó máa lè bá yín jiyàn lórí Ẹ̀pẹ́ mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa mú wa lọ." Ó máa ń sọ fún mi pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, etí mi gbọ́ ọ̀dàlẹ̀ ni. Ìyá tèmi ló ń wá ẹlẹ́rìí tó máa tì mí lọ sí Ẹ̀pẹ́! Inú Ìyá Làmídì dùn, ó gbà lójú ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ sí ọsibítù. Ìyá Làmídì ṣáájú pẹ̀lú ìborùn tuntun, bí ẹni tó ń lọ gbọ́ ìdájọ́ tó ti mọ̀ pé òun máa jàre. A jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Dókítà ojú náà jẹ́ ọ̀dọ́ ọkùnrin ará Abẹ́òkúta tó ti ìlú òyìnbó kọ́ṣẹ́ dé, ohùn Ẹ̀gbá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kí ó tó bi mí lórúkọ, Ìyá Làmídì ti sọ ẹjọ́ mi tán fún un: Tíṣà, Bàbá Télọ̀, oṣù méjì, bí mo ṣe ń mọ́ àgbà lójú. Dókítà gbọ́ ọ dópin, kò dá sí i, ó sì gbé mi jókòó.

Lára ògiri òdìkejì, ó kọ́ páálí kan tí lẹ́tà ńlá wà lókè rẹ̀, àwọn yòókù ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó bo ojú ọ̀tún mi, ó ní kí n kà. Ojú òsì kà á lọ sísàlẹ̀ dáadáa. Ó bo òsì, ó ṣí ọ̀tún. Lẹ́tà tó wà lókè pátápátá nìkan ni mo rí, ó sì rí wúruwùru bí èéfín. "Kà á!" ni Ìyá Làmídì pariwo lẹ́yìn mi. "Àtọdúnmọ́dún lo ti ń lọ síkúùlù!" Dókítà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀." Ó yí páálí náà padà. Èyí tó wà lẹ́yìn kò ní lẹ́tà oríṣiríṣi, àmì kan náà ni gbogbo rẹ̀, ó dà bí òòyà eléyín mẹ́ta, òmíràn kọ eyín sókè, òmíràn sílẹ̀, òmíràn sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní, "Èyí ò fẹ́ ìwé. Ẹ̀yin náà lè ṣe é, Màmá. Níbo ni eyín òòyà yìí kọjú sí?" Ìyá Làmídì dáhùn, ó gbà á. Ó tún gba ìkejì. Inú rẹ̀ dùn. "Èmi tí mi ò mọ A!" Ó wá kàn mí. Ojú ọ̀tún mi kò rí eyín kankan.

Dókítà wá tan iná kékeré kan síwájú mi. Ó fi gíláàsì pupa bo ojú ọ̀tún mi nìkan. "Iná mélòó lo rí?"

Mo wo ìyá mi. Mo ti jẹ ìgbájú lórí oṣù méjì rí. "Ọ̀kan ni, sà."

Ó bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá tèmi dọ́gba. "Sàfú, kò sí ẹni tó máa nà ọ́ níbí. Ohun tó o rí gan-an ni kó o sọ."

"Méjì ni, sà. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun."

"Ẹ gbọ́ irọ́!" Ìyá Làmídì pàtẹ́wọ́. "Iná kan ṣoṣo rèé o! Dókítà, ẹ ti gbọ́ ọ fúnra yín!"

Dókítà ní òótọ́ ni mo sọ. Ó ní ojú méjèèjì ló yẹ kó jọ dojú kọ ibì kan náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé àwòrán tirẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, kí ọpọlọ so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Tèmi, ọ̀kan ń wo iwájú, èkejì ti sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, àwòrán méjèèjì ò pàdé, ni iná fi di méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oṣù. Mo gbọ́ tí àgbàlagbà kan sọ "òótọ́ ni ọmọ yìí sọ" fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mi ò mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ mi sí.

Ìyá Làmídì kò gbà. Ó ní ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ó lè ṣe ojú bó ṣe wù ú. Dókítà ò bínú. Ó ní, "Ẹ súnmọ́ bí, Màmá. Sàfú, máa wo iná yẹn, má wo ibòmíràn. Màmá, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín bo ojú ọ̀tún rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Ó yá, ẹ yọ ọwọ́ kíá, kí ẹ máa wo ojú tí ẹ bò." Ọwọ́ tó ti gbá mi létí léraléra ló wá bò mí lójú, ó ń ta òórùn òrí àti atare. Ó yọ ọ́. Mo gbọ́ tó fa èémí sínú. Ó tún bò ó, ó tún yọ ọ́. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yọ ọwọ́, á bá ojú náà ní apá etí, á sì rí i tó sáré padà wá sídìí iná.

"Nígbà tí ọwọ́ yín bo ojú yẹn, kò rí yín, kò rí èmi náà," ni Dókítà wí. "Ta ló wá ń mọ́ lójú nínú òkùnkùn, Màmá?"

Ìyá Làmídì padà lọ jókòó.

Dókítà wá ti fèrèsé, ó fi férémù irin kan kọ́ mi létí. Ó mú dígí kékeré tó ní ihò láàárín, ó ń ta ìmọ́lẹ̀ sí ojú mi, ó ń wo òjìji tó ń rìn nínú ẹyinjú mi, ó sì ń fi gíláàsì kan rọ́pò òmíràn nínú férémù náà. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ṣàlàyé fún ìyá mi pé ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ tó bá wọ inú ojú, bí a ṣe máa ń rí i kí ọ̀pá ọlọ́kọ̀ dà bí ohun tó tẹ̀ nínú omi ọ̀sà, ó sì yẹ kó bá ẹ̀yìn ojú pàdé gẹ́lẹ́. Ní ojú ọ̀tún mi, ó ń pàdé kó tó dé ibẹ̀. Ojú tí kò rí nǹkan kedere kò ní ohun tó máa dì mú, ló ṣe ń rìn kiri. Gíláàsì á bá a tún ìmọ́lẹ̀ náà tẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà, a óò kọ́ ojú méjèèjì láti jọ máa ṣiṣẹ́. Ó ṣí fèrèsé. Mo wo ìyá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí ilà ojú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ibi tí mo jókòó sí. Ó ń sunkún, kò jẹ́ kó dún.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tó dùn mí jù, torí ọ̀rọ̀ ọsibítù kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ mú kálàmù. Bí a ṣe ń jáde, Dókítà yíjú sí Ìyá Làmídì, ó tẹrí ba. "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ tètè gbé e wá. Ká ní ẹ jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ni, ọpọlọ ò bá ti pa ojú náà tì." Ó rí àgbàlagbà tó wé ìborùn tuntun, ó rò pé òun ló ṣe é. Ìyá Làmídì dáhùn pé, "Kò tó ọpẹ́, ọmọ mi." Ìyá mi dúró síbẹ̀, ó di báàgì mú.

Lójú ọ̀nà, Ìyá Làmídì ti rí ohùn rẹ̀ padà. "Irú ojú báyìí ò sí nílé tiwa o. Ìdílé ìyá rẹ̀ ló ti gbé e wá." Nígbà tí a fi máa dé agboolé, ó ti di ìtàn tó dùn. Ó jókòó sórí àpótí, ó pe gbogbo ilé jọ. Ó ní òun ti ń fura tipẹ́. Ó ní òun lòun sọ pé kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù, òun lòun sì fi ọwọ́ ara òun bo ojú náà tí àìsàn fi jáde. Kò sí irọ́ tó pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ló burú jù. "Ọmọ tí ojú ń dà láàmú, ẹ ò lè gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kó máa lọ síkúùlù rẹ̀." Gbogbo wọn ń kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Làmídì! Ojú àgbà rèé!" Bàbá Télọ̀ wà níbẹ̀, ó ń mi orí. "Èmi náà ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ojú ọmọ yẹn, láti ọjọ́ tó ti kí mi."

Ìyá mi sì kúnlẹ̀ láàárín àgbàlá, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ọpẹ́lọpẹ́ yín lára ọmọ mi. Ẹ̀mí yín á gùn." Ó ní kí èmi náà kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti nà mí nítorí ojú tí Ọlọ́run fi sí mi lórí. Kò sí ẹni tó sọ pé "Sàfú, pẹ̀lẹ́." Kò sí ẹni tó sọ pé "A ṣì ọ́ ṣe." Ọdún ń gorí ọdún, Ìyá Làmídì dàgbà, ó sì lọ bá Ọlọ́run, a sin ín tiyì tẹ̀yẹ, kò sọ ọ́. Tíṣà rí gíláàsì lójú mi, ó ní "Ọ̀mọ̀wé ti dé," ó gbé mi lọ sí iwájú kíláàsì, kò sì sọ ọ́. Wọ́n ti kọ́ wa pé àgbà kì í bẹ ọmọdé. Ta ló ṣe òfin yẹn bí kò ṣe àgbà?

Ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ní àràárọ̀, bí dókítà ṣe kọ́ ọ, ìyá mi máa ń mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, á gbé e jìnnà sí mi, á máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ wá síbi imú mi, kí n rí i pé ẹyọ kan ló ń bọ̀, kí n má jẹ́ kó di méjì. Tó bá di méjì, mo máa sọ, á sì tún gbé e jìnnà, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù mélòó kan tó pé, ìgbálẹ̀ náà ti ń dé imú láìpín. Mo yege ní síkúùlù, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ obìnrin, mo sì ṣe iṣẹ́ tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni mo tó lè bi ìyá mi léèrè. Mo bi í tìbínú-tìbínú. Mo ní kí ló dé tó kúnlẹ̀ fún obìnrin yẹn, kí ló dé tó gbé iṣẹ́ ara rẹ̀ fún un. Ó ń ṣa ẹja lọ́wọ́, kò gbé orí sókè. "Ká ní mo ní èmi ni mo gbé ọ lọ, tí mo ní èmi ni mo jàre, á ní dókítà purọ́, o ò bá wà ní Ẹ̀pẹ́ dòní. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún un, òun náà fi ọ́ sílẹ̀ fún mi." Ó tún ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, ó gbé e sórí àwọn yòókù.

Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí ìyá mi ní nígbà yẹn lọ, mo ti ju Ìyá Làmídì náà lọ. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn pe ìyá rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Èmi mọ̀ báyìí pé kò sí ẹni tó jà fún mi tó ìyá mi. Ìyẹn ni mo fi ju ọmọ náà lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tó, ọ̀rọ̀ náà kò tù mí nínú. Kí ló dé tó jẹ́ pé kí ọmọ tó lè lọ síkúùlù, àfi kí ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń nà án? Ọmọ yẹn máa ń rò pé tí òun bá dàgbà, tí òun bá mọ ìdí ohun gbogbo, inú á dẹ́kun àtimáa bí òun. Mo ti dàgbà. Mo ti mọ ìdí rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi.